Ọ̀rá Àgùntàn Kì Í Dúró De Ọ̀rọ̀ Gígùn

Ọ̀rá ni alágbàfọ̀ kọ́kọ́ rí, kó tó rí ọkùnrin tó gbé e wá. Épírọ́ọ̀nù mẹ́fà ló wà lórí tábìlì rẹ̀, wọ́n le gbagidi bíi pákó, ọ̀rá funfun sì ti dì mọ́ wọn láti ọrùn dé etí ìsàlẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè ló tó rí ẹni tó ni wọ́n: ọkùnrin gíga kan, apá rẹ̀ mọ́ tónítóní dé ìgúnpá, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé tó fọ́ fèrèsé.

"Kí ló dà sí èyí lára?" ni alágbàfọ̀ béèrè.

"Ọ̀rá màlúù."

Ẹnu yà á. Ọdún mẹ́rìnlá ni obìnrin yìí ti ń fọṣọ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, kò sì sí oníbàárà tó tíì sọ òótọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó bá béèrè. Ẹni tó da wáìnì sáṣọ á ní omi ni. Ẹni tó jókòó lé ọ̀dà á ní òun ò mọ bó ṣe débẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Má-purọ́-fún-mi, torí gbólóhùn yẹn ló máa ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó kí èèyàn.

"Àwọn màlúù yín, ṣé ẹ kọ́kọ́ máa ń dì mọ́ wọn ni kẹ́ ẹ tó gé wọn?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Alápatà ni, ìsọ̀ rẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun òpópónà náà. Adákẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí ọ̀bẹ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ jù ú lọ.

Alágbàfọ̀ fi èékánná họ ọ̀rá náà. "Ọ̀tá mi rèé. Ẹ̀jẹ̀, mo lè bá a jà. Yíǹkì, mo lè bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rá! Ṣé ẹ ò lè máa dà á nù lọ́hùn-ún kẹ́ ẹ tó gbé aṣọ wá bá mi ni?"

"A kì í dà á nù," ni Adákẹ́ wí. "Oúnjẹ ni."

"Oúnjẹ ta ni?"

"Oúnjẹ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n sè."

Ó kí i pé ó dàbọ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, alágbàfọ̀ gbé ọ̀dùnkún díndín síwájú bàbá rẹ̀. Àwọn méjèèjì nìkan ló ń gbé ilé tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Aago ni bàbá náà ń tún ṣe, awò kékeré kan wà lójú òsì rẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ojú kan yẹn ló sì fi ń wo gbogbo ayé. Láti ọdún méjì tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, oúnjẹ ò wù ú jẹ mọ́. Ó ti fi ìṣó lu ihò tuntun mẹ́ta sí bẹ́líìtì rẹ̀.

Ó tọ́ ọ̀dùnkún náà wò, ó gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Kò burú, ọmọ mi."

"Bàbá, ẹ má purọ́ fún mi."

"Ó dáa. Ó dà bí ẹni ń jẹ ọṣẹ."

"Ọṣẹ kẹ̀? Mo fọwọ́ kí n tó dáná!"

"Bóyá ohun tó fà á nìyẹn."

Ó yẹ kó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì yẹn ni ojú rẹ̀ wà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó kọjá lọ sí ìsọ̀ ẹran.

"Ẹ káàárọ̀. Ẹ ní oúnjẹ ni ọ̀rá. Ẹ wá fi hàn mí."

Adákẹ́ nu ọwọ́ rẹ̀. Ohun tó sọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pọ̀ ju èyí tó ti sọ láti oṣù kan lọ. "Kì í ṣe gbogbo ọ̀rá ló dáa fún ìdáná. Èyí tó wà lábẹ́ awọ yìí rọ̀, ó sì ní òórùn díẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan èyí ná." Ó nawọ́ sínú ìhà màlúù tó fi kọ́, ó fa ọ̀rá tó yí kíndìnrín ká jáde. Ó gbẹ, ó sì ń rún lábẹ́ ìka bíi búrẹ́dì àná. "Èyí ni kẹ́ ẹ máa béèrè. Àwọn èèyàn ò mọ̀ ọ́n, ajá ni wọ́n ń gbé e fún. Ẹ yọ ẹ̀jẹ̀ àti awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ara rẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ gé e wẹ́wẹ́. Omi díẹ̀, iná díẹ̀."

Alágbàfọ̀ gbọ́ iná díẹ̀ o. Ṣùgbọ́n iná kan ṣoṣo tó mọ̀ láyé ni iná áyọ́ọ̀nù. Orí èédú tó fi ń mú áyọ́ọ̀nù gbóná ló gbé ìkòkò lé. Kó tó yíjú padà, èéfín ti gbalé, ọ̀rá ti dúdú, ṣẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá tó ti lọ̀ tán sì ti gba òórùn ẹran jíjóná. Bàbá rẹ̀ yọjú láti yàrá iwájú. "Ọmọ mi, ta lo dáná sun?"

Ó gbé ìkòkò náà pẹ̀lú ìbínú, ó di ìsọ̀ ẹran. Adákẹ́ ṣí ìdérí, ó gbóòórùn, ó tún un dé.

"Iná wo lẹ gbé e lé?"

"Iná áyọ́ọ̀nù."

Adákẹ́ yíjú sí ògiri. Èjìká rẹ̀ ń mì.

"Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín?"

"Rárá."

"Ẹ má purọ́ fún mi."

"Mò ń rẹ́rìn-ín," ni ọkùnrin náà wí. "Ọ̀rá kì í ṣe ṣẹ́ẹ̀tì, a kì í lọ̀ ọ́. Bí kò bá ní í ni yín lára, màá wá fi hàn yín lọ́jọ́ Àìkú."

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló dé, ó di ọ̀rá mọ́ bébà. Ó gé e, ó bu omi ìdajì ife sí ìkòkò, ó tẹ iná sítóòfù ìdáná wọn mọ́lẹ̀ títí ó fi kù bí ojú abẹ́rẹ́. Ó wá fa àpótí kan, ó jókòó.

"Ó tán?"

"Ó kù wákàtí méjì."

"Kí la máa wá ṣe fún wákàtí méjì?"

"A máa jókòó."

Wọ́n jókòó. Alágbàfọ̀ ò jókòó lásán rí láyé rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń wá nǹkan tí yóò fọ̀, kò rí i, ó bá gba kámú. Ọ̀rá ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń sọ gbúlúgbúlú nínú ìkòkò. Ọkùnrin yìí ò yin ojú rẹ̀, kò yin ìdí rẹ̀, kò sọ pé òun ò rí oorun sùn nítorí rẹ̀. Tìrọ̀rùntìrọ̀rùn ló jókòó, bí ẹni tó ti ń jókòó níbẹ̀ láti ọdún pípẹ́.

Ọkùnrin kan ti wà tẹ́lẹ̀ o. Lẹ́tà ni ìyẹn máa ń kọ, ojú ewé mẹ́rin mẹ́rin, ó ní alágbàfọ̀ ni ìràwọ̀ òun. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ lẹ́tà, ó sì lọ fẹ́ ẹlòmíì láìkọ ìlà kan láti sọ ọ́. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ dídùn ti ń rí lójú alágbàfọ̀ bí aṣọ tí wọ́n fi lọ́fínńdà bo òógùn rẹ̀.

"Ẹ tẹ́tí," ni Adákẹ́ wí. "Bó bá ṣì ń pariwo, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Bó bá dákẹ́, ó ti tó."

Àwọn méjèèjì tẹ orí wá síbi ìkòkò náà. Etí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra.

"Ìwọ náà," ni alágbàfọ̀ wí jẹ́jẹ́, "èmi pẹ̀lú rẹ ti jọ ń yọjú sínú ìkòkò kan. Yé pè mí ní 'ẹ̀yin' mọ́."

"Ó dáa," ni Adákẹ́ dáhùn. Etí rẹ̀ pọ́n.

Wọ́n fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ sínú ìgò. Nígbà tó tutù, ó funfun ju aṣọ tó sẹ́ ẹ lọ. Alágbàfọ̀ fi dín ọ̀dùnkún àti àlùbọ́sà nírọ̀lẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n, ó ń ró lẹ́nu. Bàbá rẹ̀ jẹ ẹyọ kan. Ó yọ awò lójú, ó jẹ èkejì. Kò gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀ títí àwo fi mọ́.

"Kí lo fi dín in?"

"Ọ̀rá."

"Ọwọ́ ta lo ti rà á?"

"Alápatà ìpẹ̀kun òpópónà."

"Ó níyàwó?"

"Bàbá!"

"Mo kàn bi ọ́ ni. Ṣé èèyàn ò lè béèrè mọ́?"

Oṣù márùn-ún ni nǹkan fi ń lọ báyìí. Bí wọ́n bá gé adìẹ, Adákẹ́ á kó ọ̀rá tó wà ní ikùn rẹ̀ pa mọ́ fún un. Ìyẹn kì í dì le, ó ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, bí wọ́n bá sì fi ṣíbí kan sí ìrẹsì, ilé kejì á gbọ́ òórùn rẹ̀. Bàbá dá bẹ́líìtì rẹ̀ padà sí ihò àtijọ́. Ọ̀gá Ọ̀rá ni alágbàfọ̀ ń pe Adákẹ́, òun náà ń pè é ní Ìyáàfin Ọṣẹ. Orúkọ ìfẹ́ tí wọ́n ní nìyẹn, ó sì tó wọn.

Lọ́jọ́ kan, bó ti wá gba épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó dúró pẹ́ nídìí tábìlì. "Mo fẹ́ kí bàbá mi wá rí bàbá rẹ."

Alágbàfọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má bàa jó nǹkan. "Nítorí kí ni?"

"O mọ̀."

"Mo mọ̀," ni alágbàfọ̀ wí, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọ̀la.

Ẹni tí Adákẹ́ ń pè ní bàbá yìí, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni, òun ló tọ́ ọ. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, gbogbo èèyàn ṣì ń pè é ní Tíṣà. Láti fi bu ọlá fún ọjọ́ náà, Adákẹ́ gbé ọ̀rá àgùntàn wá, èyí tó dára jù nínú ìsọ̀ rẹ̀. "Gbígbóná ni wọ́n ń jẹ ẹ́ o," ló wí. "Kì í dúró." Alágbàfọ̀ yọ́ ọ bó ti yẹ, ó dín ọ̀dùnkún, ó dín ẹran, ó sì gbé e dé orí tábìlì bó ti ń yọ ooru.

Tíṣà bá dìde.

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Bí oòrùn bá là, a kì í béèrè ibi tó sùn. Bí òdòdó bá tan nínú ọgbà, oyin ni í kọ́kọ́ gbọ́. Lónìí yìí, mo dúró níwájú yín gẹ́gẹ́ bí oyin..."

Ó ti ibi òdòdó dé odò, ó ti odò dé òkun, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó sì ń bá ìjì jà. Ooru orí àwo ń dín kù. Alágbàfọ̀ wo Adákẹ́. Adákẹ́ ń wo àwo. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì, ó fi ẹsẹ̀ kàn án lábẹ́ tábìlì. Adákẹ́ ò mira. Nígbà tí Tíṣà fi gúnlẹ̀ sí èbúté, tó jókòó, bàbá alágbàfọ̀ wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógójì.

Ọ̀rá ti dì. Ó bo ọ̀dùnkún àti ẹran bí ìgbà tí wọ́n kun ògiri ní funfun. Wọ́n bu ún jẹ torí ojú àlejò, ó sì lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu olúkúlùkù. Tíṣà fẹ́ sọ pé ó dùn, ètè rẹ̀ ń yọ̀ lórí ara wọn.

Bàbá alágbàfọ̀ gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé oúnjẹ la fẹ́ jẹ ni, àbí àbẹ́là la fẹ́ tàn?"

Kò tíì pa ẹnu dé tí Tíṣà fi dìde. "Wọ́n fi wá ṣẹ̀sín! Dìde, ká máa lọ." Adákẹ́ dìde. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó wẹ̀yìn, ó la ẹnu, ó tún pa á dé, ó sì tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀.

"Rárá ni ìdáhùn mi," ni bàbá wí nígbà tí ilẹ̀kùn padé.

"Torí oúnjẹ tó tutù?"

"Oúnjẹ kọ́. Alápatà ni. Nínú gbogbo wa, òun nìkan ló mọ ìṣẹ́jú tí ọ̀rá yẹn máa dì. Ó jókòó, ó ń wò ó. Ẹni tó lè wo ọbẹ̀ mi kó bàjẹ́ láìsọ̀rọ̀, á wo ọmọ mi kó máa jìyà láìsọ̀rọ̀."

"Bàbá, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló já mi jù sílẹ̀ níjọ́sí. Ẹ ò gbàgbé."

"Mi ò gbàgbé. Ìdí nìyẹn tó o fi rò pé ẹni tí ò bá sọ̀rọ̀ ò lè ṣe ọ́ níbi."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń lọ aṣọ, tí kò bá ẹnikẹ́ni jà. Àwọn oníbàárà rò pé ara rẹ̀ ò yá. Òun sì ń wá ibi tí bàbá ti ṣàṣìṣe nínú ọ̀rọ̀ náà, kò rí i. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó lọ sí ìsọ̀ ẹran. Adákẹ́ ń fọ pátákó. Ó ti rù.

"Ìgbà wo lo mọ̀ pé oúnjẹ yẹn ti ń dì?"

"Kí wọ́n tó kúrò níbi òdòdó."

"O ò sì sọ nǹkan kan."

Ó tún bu omi sí pátákó náà. "Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí Tíṣà mú mi sọ́dọ̀ wọn. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nínú ilé yẹn, èèyàn ò gbọdọ̀ wúkọ́. Èmi náà ò wúkọ́. Wọ́n bọ́ mi, wọ́n fi mí sẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́. Báwo ni mo ṣe máa wá ní kí wọ́n pa ẹnu dé?"

Àánú ṣe alágbàfọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, tòun ti omi ẹran tó wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò purọ́ fún oníbàárà rí, kò sì ní í bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tó fẹ́.

"Àánú rẹ ṣe mí, mi ò lè fi àánú fẹ́ ọkọ. Bí mo bá dùbúlẹ̀ àìsàn lọ́la, tí dókítà ń sọ̀rọ̀ játijàti, ṣé wàá dúró kó sọ ọ́ tán? Àwa méjèèjì fẹ́ràn ká dákẹ́. Ọ̀kan nínú wa gbọ́dọ̀ lè la ẹnu bí nǹkan bá ń bàjẹ́, kò sì lè jẹ́ èmi nìkan ní gbogbo ìgbà. Màá tún un sè lọ́jọ́ Àìkú. Ọ̀rá àgùntàn náà ni. Mú wọn wá."

"Bí mi ò bá lè sọ ọ́ ńkọ́?"

"A jẹ́ pé a ó jẹ àbẹ́là, a ó sì dágbére."

Bàbá rẹ̀ kùn, ó kùn, ó gbà. "Ẹ̀ẹ̀kan péré. Aago mi á sì wà lórí tábìlì." Ti Tíṣà ò ṣòro rárá. Ó ti rò ó, ó sì rí ohun tó ba tàkọ́kọ́ jẹ́: ọ̀rọ̀ òun ò kún tó.

Lọ́jọ́ Àìkú, alágbàfọ̀ gbé àwo mẹ́rin kalẹ̀. Ooru ń gòkè, ẹran ṣì ń sọ ṣàà. Tíṣà dìde, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó tú bébà mẹ́ta sílẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Kí ni à ń pè ní ìfẹ́? Àwọn àgbà..."

Aago ń lọ lórí tábìlì. Alágbàfọ̀ kó ọwọ́ sábẹ́ itan ara rẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni. Ó ti sọ tirẹ̀. Bí yóò bá já sí òfo, kó já sí òfo lójú gbogbo wọn.

Adákẹ́ wúkọ́.

Tíṣà gbójú sókè, ó tún bẹ̀rẹ̀. "Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní..."

"Ẹ dákun, Bàbá mi," ni Adákẹ́ wí. "Ẹ jókòó."

"Kí lo wí?"

"Mo ní kẹ́ ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Oúnjẹ ń tutù. Ọmọbìnrin yìí dúró ti iná fún wákàtí méjì nítorí yín. Ẹ jẹ́ ká jẹ ẹ́ ná. Ọ̀rọ̀ tó kù, ẹnu ara mi ni mo fẹ́ fi sọ ọ́."

Tíṣà wò ó láti òkè awò rẹ̀, bí ìgbà tó máa ń wo ẹni tó bá wúkọ́ ní kíláàsì. Ojú Adákẹ́ ti pọ́n, òógùn bo iwájú orí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé ojú kúrò. Tíṣà rọra ká bébà rẹ̀. Ó jókòó, ó fi fọ́ọ̀kì gún ọ̀dùnkún kan, ó fi sẹ́nu. Ó ró kàù. Ó tún gún òmíràn.

"Sọ ọ́, jàre," ló wí, ẹnu rẹ̀ kún. "Èmi ò ní í fi èyí sílẹ̀ torí àtidá ọ lóhùn."

Adákẹ́ kọjú sí bàbá alágbàfọ̀. "Bàbá, ọmọ yín ni mo fẹ́ fẹ́. Lọ́jọ́sí, mo rí ohun tó ń bàjẹ́, mo dákẹ́. Mi ò ṣe dáadáa. Bí nǹkan bá ń bàjẹ́ nínú ilé wa, màá sọ ọ́, bí ẹsẹ̀ mi bá tiẹ̀ ń gbọ̀n bó ṣe ń gbọ̀n báyìí."

Bàbá alágbàfọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó fi ojú òsì wo abẹ́ tábìlì. Ó tún jókòó dáadáa. "Òótọ́ ni. Ó ń gbọ̀n." Ó fa àwo rẹ̀ mọ́ra. "Mo gbà, ní tèmi. Bi ẹni tó ni ara rẹ̀."

"Mi ò ní í fi bàbá mi sílẹ̀ nìkan nínú ilé yìí o," ni alágbàfọ̀ wí kí ẹnikẹ́ni tó bi í.

"Mo mọ̀. Èmi ni màá kó wá. Màá ti ògiri ìdáná yẹn sẹ́yìn díẹ̀, kó lè gba àpótí méjì."

Alágbàfọ̀ fẹ́ wí nǹkan tó mú bí abẹ, bó ṣe mọ̀ ọ́n wí. Dípò bẹ́ẹ̀, ó na ọwọ́ sórí tábìlì, Adákẹ́ sì dì í mú níwájú àwọn àgbà méjèèjì. Ọwọ́ òun le nítorí ọṣẹ, tọkùnrin náà rọ̀ nítorí ọ̀rá.

"Mo gbà," ló wí. "Ọjọ́ wo?"

"Ọ̀la."

"Ọ̀la kẹ̀? Aṣọ ẹni mẹ́rìnlá wà nílẹ̀ tí mi ò tíì lọ̀!"

"Ọ̀tunla ńkọ́?"

"Ọjọ́rú," ni alágbàfọ̀ wí. "Lọ́sàn-án. Kó o má sì wọ aṣọ funfun wá, èmi ni màá fọ̀ ọ́."

Ọjọ́rú náà ni wọ́n lọ fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó. Funfun ni Adákẹ́ wọ̀ wá.